OORU Ẹ̀Ẹ̀RÙN ÀTI ÒTÚTÙ ỌYẸ́: BÍ Ó TI YẸ KÍ A TỌ́JÚ ILÉ WA

Kò sí ẹni tí ń gbé ìlú Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ ìyọnu méjì tí ẹ̀ẹ̀rùn ń mú wá. Èkíní ni ọyẹ́, tí ń dé ní oṣù Ọ̀pẹ, tí ètè ń là, tí eruku ń bo ojú ọ̀run, tí àwọn arúgbó sì ń gbọ̀n ní òwúrọ̀ bí ẹni pé ibà ń ṣe wọ́n. Èkejì ni ooru, tí ń tẹ̀lé ọyẹ́ ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, ní ìgbà tí ooru ọ̀sán lè dé ìwọ̀n 35 ní òṣùwọ̀n Celsius tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ènìyàn a sì máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún lórí ẹní títí àkùkọ yóò fi kọ. Láàárín oṣù mẹ́rin péré, ilé kan náà ni a ń fẹ́ kí ó gbà wá lọ́wọ́ òtútù, kí ó sì tún gbà wá lọ́wọ́ ooru.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Kí a sọ pé ọmọ kan ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ìyá rẹ̀ sì ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú ilé amọ̀ tí baba ọmọ náà kọ́, tí a fi páànù bò, tí kò sì ní àjà. Ọmọ yìí gbọ́ pé ooru kò jẹ́ kí ìyá òun sùn, ó sì pinnu láti ra ẹ̀rọ amúlétutù fún un. Ó pè é lórí fóònù, ó ní, "Ìyá mi, ẹ má ṣe dààmú mọ́. Mo ń fi ẹ̀rọ tí ń mú ilé tutù ránṣẹ́ sí yín." Ìyá dáhùn pé, "O ṣeun, ọmọ mi, wàá jẹun ọmọ. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Bí kì í bá ṣe ìkòkò èédú tí mo ń gbé wọ yàrá lálẹ́, òtútù ì bá ti mú mi lọ."

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Ìfẹ́ ni ó wà nínú ti ọmọ, òótọ́ ni ó sì wà nínú ti ìyá. Síbẹ̀ àṣìṣe wà nínú méjèèjì. Àṣìṣe ti ọmọ lè jẹ owó rẹ̀ run lásán. Àṣìṣe ti ìyá lè pa ìyá. Nítorí náà ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí, ohun méjì ni a sì fẹ́ kí olúkúlùkù rántí nínú rẹ̀: kí a tún ilé ṣe kí a tó ra ẹ̀rọ, kí a má sì ṣe gbé iná èédú wọ yàrá tí a ń sùn sí, láé.

IBI TÍ OORU Ń GBÀ WỌLÉ

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ooru. Ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé, ẹni tí ó bá sì mọ ọ̀nà náà ni ó lè dí i.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, oòrùn kì í fi ẹ̀gbẹ́ wò wá gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Òkè orí wa ni ó ń gbà kọjá. Ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Igbe àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, oòrùn ọ̀sán gangan a máa dúró tààrà lókè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí òjìji ènìyàn a sì pin sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí ni ó fi hàn pé òrùlé ni oòrùn ń bá jà jùlọ. Lẹ́yìn òrùlé, ògiri ìlà-oòrùn ni ó ń gba ooru ní òwúrọ̀, ògiri ìwọ̀-oòrùn ni ó sì ń gbà á láti ọ̀sán títí di àṣálẹ́. Ògiri tí ó kọjú sí àríwá àti èyí tí ó kọjú sí gúúsù kì í rí tó bẹ́ẹ̀, bí etí òrùlé bá yọ síta dáadáa.

Fèrèsé ni ọ̀nà kẹta, pàápàá fèrèsé gíláàsì tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn láìní ìbòji. Ọ̀nà kẹrin ni ohun tí ó wà nínú ilé fúnra rẹ̀: ìdáná, fíríìjì, gílóòbù iná àtijọ́ tí ń gbóná, àti ara ènìyàn. Yàrá kékeré kan tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn sí yóò gbóná bí oòrùn kò tilẹ̀ ràn.

OHUN TÍ ÀWỌN BABA WA MỌ̀

Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n wọn kò ṣàì mọ nǹkan. Wọ́n fi amọ̀ mọ ògiri nípọn, wọn a sì máa fi igi àti amọ̀ ṣe àjà sí àwọn yàrá kan, lábẹ́ òrùlé koríko. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn ń lọ́ra láti gbóná, ó sì ń lọ́ra láti tutù. Ooru tí ó bá mú un ní ọ̀sán kì í dé inú yàrá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ní ìgbà tí a lè ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Koríko òrùlé kún fún afẹ́fẹ́ láàárín igi rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó sì dúró jẹ́ẹ́ kì í jẹ́ kí ooru kọjá kíákíá.

Ní Ọ̀yọ́, títún òrùlé ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń fi falẹ̀. Ọdún Bẹẹrẹ, ọ̀kan nínú àwọn ọdún pàtàkì ààfin, gba orúkọ rẹ̀ láti ara koríko bẹẹrẹ tí a máa ń rù wá fún Aláàfin, kí a fi bo àwọn kọ̀bì ààfin. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀: òrùlé ọba pàápàá ní àsìkò ìtọ́jú tirẹ̀, gbogbo ìlú ni ó sì mọ̀ ọ́n.

A kò sọ pé kí a padà sí òrùlé koríko. Iná a máa jó o, pàápàá ní ẹ̀ẹ̀rùn, bí ilé kan bá sì gbiná, agbo ilé odindi lè bá a lọ. Páànù gbà wá lọ́wọ́ ewu yìí, ó sì ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tí a mú koríko kúrò, tí a sì fi páànù rọ́pò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi ohunkóhun rọ́pò iṣẹ́ tí koríko àti àjà amọ̀ ń ṣe. Páànù tí oòrùn ń pa lọ́sàn-án lè gbóná ju ìwọ̀n 60 Celsius lọ, ọwọ́ kò sì ní lè dúró lórí rẹ̀. Bí kò bá sí àjà, bí ẹni pé a gbé agbada gbígbóná kọ́ sókè orí ni. Ní òru ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ojú ọ̀run mọ́ kedere, afẹ́fẹ́ sì gbẹ. Páànù a tú gbogbo ooru rẹ̀ sókè kíákíá, yàrá abẹ́ rẹ̀ a sì di tútù kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, àìsí kan náà ni ó ń fa ooru oṣù Ẹrẹ́nà àti òtútù oṣù Ṣẹ́rẹ́. Àjà kan náà ni yóò sì wo méjèèjì sàn.

ÒRÙLÉ ÀTI ÀJÀ NI IṢẸ́ ÀKỌ́KỌ́

Bí owó bá kéré, ẹ jẹ́ kí a ná an sí orí àjà ná. Pákó fẹ́lẹ́ tàbí ike tí a fi ń ṣe àjà lóde òní dára, bí a bá kàn án dáadáa. Kí a má ṣe dí etí òrùlé pa pátápátá. Kí a fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀, kí a sì fi àwọ̀n irin bò ó kí àdán àti eku má bàa wọlé. Nípa bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó wà láàárín páànù àti àjà yóò fi rí ọ̀nà jáde. Ẹni tí ó bá ní agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ta aṣọ ìbòlé tí ojú rẹ̀ ń dán bí fàdákà sí abẹ́ páànù. Ó ń lé ooru padà sókè. Kí ó rí i pé àyè wà láàárín rẹ̀ àti àjà, nítorí bí ó bá lẹ̀ mọ́ nǹkan, agbára rẹ̀ a dínkù.

Àwọ̀ òrùlé pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Páànù tí ó ti dípẹtà tàbí tí èéfín ti sọ di dúdú ń gba ooru ju èyí tí ojú rẹ̀ funfun lọ. Ẹni tí ó bá fọ òrùlé rẹ̀, tí ó ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, tí ó sì kùn ún ní ọ̀dà funfun tí a ṣe fún irin, yóò rí ìyàtọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ a máa pa funfun náà rẹ́, nítorí náà ó yẹ kí a máa fọ̀ ọ́ ní òpin ọyẹ́. Kí ẹni tí yóò gun òrùlé gùn ún ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ó sì tẹ ẹsẹ̀ sí ibi tí ìṣó wà, nítorí níbẹ̀ ni igi wà lábẹ́ páànù.

Ìkìlọ̀ kan wà fún àwọn tí ilé wọn ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé tí a kọ́ ní àwọn ọdún 1960 sí 1980 ni a fi páálí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe àjà tàbí òrùlé wọn. Bí ó bá wà láìfọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí tí a fọ́ ọ, eruku rẹ̀ a wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ ọ́ kí ó fi omi rin ín, kí ó yọ ọ́ ní odindi, kí ó bo imú rẹ̀ dáadáa, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà sí ibẹ̀. Kí a má ṣe gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ.

Ní ti ògiri amọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé kí ẹ wó o nítorí pé ó jẹ́ ti àtijọ́. Kò sí ògiri búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́fà tí ó lè tutù tó ògiri amọ̀ tí ó nípọn. Ohun tí ó ń fẹ́ ni ìtọ́jú: kí a fi amọ̀ dí ibi tí ó là, kí etí òrùlé sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ òjò. Sìmẹ́ńtì líle tí a bá rẹ́ mọ́ ọn lára a máa ṣí kúrò nígbà tí ó bá yá, omi a sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, a sì máa jẹ ìdí ògiri náà.

FÈRÈSÉ, Ọ̀DẸ̀DẸ̀ ÀTI IGI

Ní ìgbà òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ní ọ̀nà òkun, ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ní ìgbà ọyẹ́, láti àríwá ìlà-oòrùn, ní ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà, ni. Yàrá tí ó ní fèrèsé kan ṣoṣo kò lè rí atẹ́gùn gbà, nítorí ohun tí kò ní ọ̀nà àbájáde kì í ní ọ̀nà ìwọlé. Kí fèrèsé méjì kọjú sí ara wọn, tàbí kí a lu ihò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná, tí ó máa ń lọ sókè, lè jáde.

Fèrèsé gíláàsì tí à ń tì sí ẹ̀gbẹ́ ti gbòde ní ìlú wa, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ nìkan ni ó máa ń ṣí. Èyí tí ó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn ni ó ń gba atẹ́gùn tán. Ẹni tí ó ń pààrọ̀ fèrèsé kí ó ro èyí kí ó tó san owó. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí eruku ti dí pẹ̀lú kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Fífọ̀ ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe yíyọ, nítorí ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri.

Ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú gan-an nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tí ń gbé ilé amọ̀ kí ó ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, kí ó sì ṣí wọn nígbà tí ìta bá tutù ju inú ilé lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ilé búlọ́ọ̀kù tí kò nípọn kò lè ṣe èyí. Atẹ́gùn ni ó gbára lé, kí a jẹ́ kí ó ṣí sílẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a fi òrùlé bò níwájú ilé ń dáàbò bo ògiri bí fìlà etí gbígbòòrò ti ń dáàbò bo ojú. Ẹni tí kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè gbin igi sí ìhà ìwọ̀-oòrùn ilé rẹ̀. Máńgòrò, tí a mọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́, yóò fún un ní òjìji àti èso. Dógóyárò ń dàgbà kíákíá, ó sì ń fara da ọ̀dá. Kí igi náà jìnnà sí ògiri tó kí gbòǹgbò rẹ̀ má bàa gbé ilẹ̀ ilé sókè, kí a sì máa gé ẹ̀ka tí ó bá na orí òrùlé kí ìjì àkọ́rọ̀ òjò tó dé.

FÁÀNÙ ÀTI ÀMÙ OMI

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àmù omi tí a ń gbé sí ìgun ilé, ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín léèrè ìdí tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù? Omi díẹ̀ ń rìn jáde láti ara amọ̀, ó sì ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́. Omi kò lè gbẹ láìgba ooru. Ara àmù ni ó ti ń gba ooru náà, èyí tí ó kù nínú rẹ̀ a sì tutù. Lórí ọgbọ́n yìí ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní àríwá Nàìjíríà, fi gbé ìkòkò amọ̀ kan sínú òmíràn ní àwọn ọdún 1990, tí ó fi iyanrìn tútù sí àárín wọn, kí àwọn àgbẹ̀ lè fi tọ́jú tòmátì àti ẹ̀fọ́ láìsí iná mànàmáná.

Bẹ́ẹ̀ ni òógùn ara wa ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ sì ni fáànù ń ràn án lọ́wọ́. Fáànù kì í mú yàrá tutù. Ara ènìyàn ni ó ń mú tutù, nípa gbígbẹ òógùn rẹ̀. Nítorí náà, fáànù tí ń yí nínú yàrá tí kò sí ènìyàn ń jẹ iná lásán ni. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn tí afẹ́fẹ́ gbẹ, kí arúgbó tàbí aláìsàn fi aṣọ tútù nu ọwọ́, ọrùn àti ojú rẹ̀, kí ó sì jókòó síwájú fáànù. Ìtura rẹ̀ pọ̀. Ní ìgbà òjò tí afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, ọgbọ́n yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ìtọ́jú fáànù kò le. Kí a pa iná rẹ̀, kí a nu eruku ara apá rẹ̀ ní oṣooṣù ní ìgbà ọyẹ́, kí a sì fún ìṣó rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí fáànù àjà bá ń lọ́ra láti yí, kì í sábà jẹ́ pé ó ti bàjẹ́ pátápátá. Nǹkan kékeré kan tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kapásítọ̀ ni ó sábà máa ń rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó fáànù tuntun.

Ẹ̀RỌ AMÚLÉTUTÙ

Ní ọdún 1902, ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, wà nínú ìṣòro. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń mú kí bébà fẹ̀ kí ó sì sún kì, àwọ̀ kan kò sì lè bọ́ sórí àwọ̀ kejì bí ó ti yẹ. Willis Carrier, tí í ṣe ẹnjiníà, ni ó ṣe ètò ẹ̀rọ tí ó yanjú ọ̀ràn náà. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ amúlétutù òde òní ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń dá òtútù sílẹ̀. Gáàsì kan ni ń yí ká nínú rẹ̀. Ní inú yàrá, ó ń gba ooru bí omi ara àmù ti ń gbà á. Ní ìta, ẹ̀rọ a fún un pọ̀, a sì tú ooru náà dà sínú afẹ́fẹ́. Agbẹ́rù ooru ni í ṣe: ó ń kó ooru láti inú lọ sí ìta.

Nígbà náà, ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá gbé e sí abẹ́ páànù tí kò ní àjà. Bí ó ti ń kó ooru jáde ni òrùlé ń da òmíràn sílẹ̀. Ẹni tí ń pọn omi sínú ajere ni, kò sì ní sinmi láé. Ẹ jẹ́ kí a fi owó ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ agbára ẹṣin kan ń jẹ nǹkan bí wáàtì 800. Fáànù ń jẹ nǹkan bí 60. Ní oṣù Igbe 2024, owó iná fún àwọn tí ó wà ní ìpele A, tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, gòkè láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225 lórí yúnítì kan, ó sì ti yí padà lẹ́yìn náà. Bí a bá fi náírà 225 ṣírò, ẹ̀rọ tí kò sinmi fún wákàtí mẹ́jọ lóru yóò jẹ náírà 1,440, fáànù yóò sì jẹ náírà 108. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó di náírà 43,200 sí náírà 3,240. Nínú yàrá tí ó ní àjà tí ó sì pa dé dáadáa, ẹ̀rọ náà yóò máa sinmi lóòrèkóòrè, owó rẹ̀ yóò sì dínkù.

Fún ẹni tí ó ti ní ẹ̀rọ yìí, ìtọ́jú rẹ̀ nìyí. Kí ó yọ asẹ́ rẹ̀ ní oṣooṣù, kí ó fi omi fọ̀ ọ́, kí ó sá a sí òjìji kí ó gbẹ. Ní ìgbà ọyẹ́, kí ó ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kí oníṣẹ́ fọ eruku apá tí ó wà ní ìta kúrò lẹ́yìn ọyẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Bí omi bá ń kán sínú yàrá, ọ̀nà omi rẹ̀ ni ó sábà máa ń dí. Kí ó fi ẹ̀rọ sí ìwọ̀n 25 tàbí 26. Fífi í sí 18 kì í mú kí ẹ̀rọ lásán yára, ó kàn ń mú kí ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Gáàsì inú ẹ̀rọ yìí kì í tán bí epo inú àtùpà. Inú ọ̀pá tí a dí pa ni ó ń yí ká. Bí ó bá dínkù, ó ń jò níbì kan ni. Nítorí náà, oníṣẹ́ tí ń wá lọ́dọọdún láti fi gáàsì kún un láìwá ibi tí ó ti ń jò kò tún un ṣe. Ó ń ta gáàsì ni. Bákan náà, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí ń lo gáàsì R-22 ń lọ sí ìgbàgbé, nítorí ó ń ba ìbòrí òzóònù ojú ọ̀run jẹ́. Lábẹ́ àdéhùn Montreal ti 1987, ọdún 2030 ni a dá fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa láti fòpin sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, kí ó béèrè irú gáàsì tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó má bàa ra ohun tí kò ní rí gáàsì rẹ̀ mọ́ lọ́la.

ÒTÚTÙ ỌYẸ́ ÀTI IKÚ TÍ KÌ Í RÚ ÈÉFÍN

A dé ibi tí ó ṣe pàtàkì jùlọ nínú ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èéfín nìkan ni ewu iná, àti pé èédú tí ó ti pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, ti di ọ̀rẹ́. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Èédú tí ń jó nínú yàrá tí a tì ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ti ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní rí àyè gbé ọ́síjìn kiri ara mọ́. Ẹni tí ó ti sùn lè má jí mọ́. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ń tú afẹ́fẹ́ kan náà jáde, ọkọ̀ tí a tan sílẹ̀ nínú gáréèjì pẹ̀lú.

Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀ àti ọkàn tí kò pa pọ̀. Ọ̀pọ̀ a máa pè é ní ibà. Ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú yàrá kan náà ní àkókò kan náà, tí ó sì ń fúyẹ́ bí wọ́n bá jáde síta, ibà kọ́ nìyẹn. Kí gbogbo wọn jáde lójú ẹsẹ̀. Kí a ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí a gbé ẹni tí ó dákú sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní ọ́síjìn, ìbáà ṣe ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀yọ́ tàbí ilé ìwòsàn Ògbómọ̀ṣọ́ tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907, tí ó di ti Yunifásítì Bowen ní 2009. Kí a má ṣe rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Kò lè lé afẹ́fẹ́ yìí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí kò mọ ara rẹ̀.

Kí ni a óò wá fi gba ara wa lọ́wọ́ òtútù? Aṣọ ni. Kíjìpá méjì tí a fi bora gbóná ju ẹyọ kan tí ó nípọn tó méjèèjì lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó dúró sí àárín wọn. Kí arúgbó dé fìlà tàbí gèlè sùn, kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀, kí ó sì tẹ́ ẹní tàbí bẹ́ẹ̀dì tí ó nípọn sí abẹ́, nítorí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ń fa ooru ara lọ. Omi gbígbóná nínú ìgò tí a dé pinpin, tí a fi aṣọ wé, gbé sí ẹ̀bá ẹsẹ̀, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní ti ọmọ tuntun, kí ìyá gbé e mọ́ àyà rẹ̀, ara kan ara, kí ó sì fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Kò sí iná tí ó dára tó àyà ìyá. Kí a sì fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ lójú fèrèsé, nítorí àrùn ọrùn líle àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró fẹ́ràn yàrá tí ènìyàn pọ̀ sí tí atẹ́gùn kò sì sí.

Bí ó bá di dandan láti lo jẹnẹrétọ̀, ìta ni àyè rẹ̀, kí ó jìnnà sí gbogbo fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, tiwa àti ti aládùúgbò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ìta.

IṢẸ́ ILÉ NÍ OṢOOṢÙ

Bélú: Wo àjà àti etí òrùlé. Dí ihò tí òtútù ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n má ṣe dí ọ̀nà atẹ́gùn. Sá aṣọ òtútù sí oòrùn.

Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́: Fọ asẹ́ ẹ̀rọ àti àwọ̀n fèrèsé. Nu fáànù. Má ṣe gbé èédú wọ yàrá.

Èrèlé: Fọ òrùlé, kí o sì kùn ún bí ọyẹ́ bá ti lọ. Pe oníṣẹ́ wá fọ apá ìta ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹrẹ́nà: Kan ìṣó òrùlé tí ó tú. Gé ẹ̀ka tí ó na orí ilé. Máa wo àwọn arúgbó lọ́sàn-án, kí o sì máa fún wọn ní omi mu.

Igbe sí Òkúdù: Gbin igi òjìji nígbà tí ilẹ̀ bá ti rin. Wo ibi tí òrùlé ń jò kí àjà tó jẹrà. Fi amọ̀ tún ògiri ṣe ní ọjọ́ tí òjò bá dá.

Agẹmọ sí Ọ̀wàrà: Pa owó mọ́ fún àjà.

Ǹjẹ́ kí ni ọmọ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ níbẹ̀rẹ̀ yóò ṣe? Kí ó lọ sílé kí ó wo òrùlé lábẹ́ èyí tí ìyá rẹ̀ ń sùn, nítorí ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ó fi owó ẹ̀rọ náà ṣe àjà sí yàrá ìyá àti sí pálọ̀, kí ó kun páànù, kí ó la fèrèsé kejì, kí ó ra fáànù kan àti kíjìpá méjì. Bí owó bá ṣẹ́kù ní ọdún mìíràn, tí iná sì ń wà, kò sí ohun tí ó burú nínú ẹ̀rọ amúlétutù. Yóò bá ilé tí ó lè gbà á. Ṣùgbọ́n kí ó tó kúrò níbẹ̀, kí ó gbé ìkòkò èédú náà jáde pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé tí a ti ń dáná, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ìyá pẹ̀lú sùúrù, títí yóò fi yé e.